Oúnjẹ Tí Wọ́n San Owó Rẹ̀ Kí Ebi Tó Dé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ rọra jókòó, àpótí yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ pé ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, n kì í ṣe olófòófó. Ohun tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ etí mi ni mo máa ń sọ. Ẹni tó bá gbé tẹlifóònù lé orí odó láàárín agbo ilé, tó sì ṣí ohùn rẹ̀ dé òpin, ṣé èmi ló yẹ kí n wá fi òwú di etí?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fojú rí, tí wọ́n ti ń béèrè owó rẹ̀.

Ìyá ilé wa ti wà ní Amẹ́ríkà láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bí àbíkẹ́yìn. Ó ní òun lọ bá wọn gbọ́mọ. Ọmọ tó lọ gbé ti pé ọdún méjì, ó ń sáré, ó ń jágbe mọ́ àgbàlagbà, Ìyá ò tíì rántí ọ̀nà Kaboua, ìlú wa ní Benin. Bàbá ló ń dá iyán gún fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n yà sí ọ̀nà yẹn, torí iyán ọkùnrin tí aya rẹ̀ wà lókè òkun, kókó ló ń pọ̀ nínú ẹ̀. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń bu ọbẹ̀ fún un, òun náà sì mọ ohun tó ń gbà lórí ẹ̀. Ẹ jẹ́ á padà.

Ọdún 2024 ni, nírọ̀lẹ́, àwọn ewúrẹ́ ti ń wọlé. Ohùn ọmọ náà jáde nínú WhatsApp: “Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ṣeré ní Disney, ní Florida. Alẹ́ márùn-ún la máa sùn. Wọ́n ní a lè san owó oúnjẹ gbogbo wa sílẹ̀ láti ilé, ká má tún máa tọwọ́ bọ àpò tá a bá débẹ̀. Ọkọ mi ní ká san án. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ìyá ní ohun tí Bàbá bá sọ, abẹ gé.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá. Obìnrin tó ti pinnu tán, tó wá ní ohun tí ọkọ òun bá sọ ni. Ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá ní, “Kí ni wọ́n ń pè ní Disney?” Awakọ̀ zémidjan kan, ọ̀kadà akérò, wà níbẹ̀, ọmọ tó máa ń ná Ṣábẹ sí Kaboua, tó ń dúró kí wọ́n san owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí fóònù tirẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wa. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Walt Disney World yìí. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà onígun mẹ́rin. Bàbá dìde jókòó dáadáa. Ó ní ṣé kajú ni wọ́n gbìn síbẹ̀ ni àbí iṣu. A ní rárá, eré ni. “Eré nìkan?” Eré nìkan. Ó mi orí títí.

Olórí eré náà ni eku kan tó ń jẹ́ Mickey, tó ti wà nínú sinimá láti ọdún 1928. Lọ́dọ̀ tiwa, tí ọwọ́ bá tẹ eku, gbogbo wa la mọ ibi tó ń lọ: inú ata ni. Lọ́hùn-ún, eku ló wọ ṣòkòtò, tó wọ bàtà, tó ń rìn káàkiri láàárín tábìlì, tó ń kí àwọn tó ń jẹun, owó gidi ni wọ́n sì ń san kó tó wá kí wọn. Ẹ fi eku yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀.

Bí ètò oúnjẹ náà ṣe rí nìyí. Ẹni tó bá gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì tiwọn, tó bá fẹ́, á san owó oúnjẹ pọ̀ mọ́ owó yàrá. Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́, ti oúnjẹ orí káńtà, èyí tí èèyàn ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbà: fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sùn, wọ́n á fún un ní ẹ̀tọ́ oúnjẹ méjì àti ìpanu kan. Ìkejì, ó ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ ìjókòó kan, níbi tí agbáwo ti ń gbé e wá bá a, oúnjẹ orí káńtà kan, àti ìpanu kan. Méjèèjì ní ife kan nínú tó lè máa fi rọ tíì, kọfí àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ní òtẹ́ẹ̀lì títí tí á fi lọ. Lọ́dún 2024 náà, ti àkọ́kọ́ jẹ́ dọ́là 57.01 lálẹ́ kan fún àgbà, 23.83 fún ọmọdé. Ti ìkejì jẹ́ 94.28 fún àgbà, 29.69 fún ọmọdé.

Sẹ́ǹtì kan tó wà lẹ́yìn 57 yẹn ló bí Bàbá nínú ju 57 fúnra rẹ̀ lọ. “Ta ló ń gba oókan lọ́wọ́ àlejò?”

Zémidjan ní kì í ṣe ohun tuntun, pé ọdún 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bùn tí wọ́n máa ń fún agbáwo wà nínú owó náà, ohun tí wọ́n ń fi ṣíwájú oúnjẹ náà sì wà nínú ẹ̀. Nígbà tó di 2008, wọ́n yọ méjèèjì kúrò. Ní 2018, wọ́n ní ẹni tó bá ti pé ọdún 21 lè fi ọtí ṣe ohun mímu rẹ̀. Kòrónà dé ní 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ètò náà sì dúró. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní 2024 ló tó padà.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ó dára, ohun tó ti lọ tó tún padà, àwọn èèyàn ló ń béèrè ẹ̀. Bàbá ò dáhùn. Ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ràn ohun tí wọ́n bá ní ká san sílẹ̀. Ẹ ò sì lè dá a lẹ́bi. Ẹni tó bá wà ní Benin ní 2010, tó bá rántí ICC Services, bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé owó ilé, owó oko, owó ìgbéyàwó lọ nítorí èlé, tí gbogbo rẹ̀ sì wó lójijì, onítọ̀hún á máa wo ìwé àsanṣáájú láti òkèèrè. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Síbẹ̀ Bàbá yìí kan náà ń dá tọ́ńtínì! Ẹ mọ káàdì rẹ̀, ojú 31 ló wà lára ẹ̀. Tó o bá ń dá 200 fáránkì lójúmọ́, ọjọ́ 31 á di 6,200. Obìnrin tó ń gba owó náà kiri á yọ ojú kan, 200, á kó 6,000 fún ọ. Kò sí ìjà, kò sí ariwo, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ojú kan ni tirẹ̀. Ohun tí Bàbá sì wá béèrè nìyẹn, ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé àgbà kì í tán lórílẹ̀: “Àwọn ará Disney yìí, ojú wo ni tiwọn? Níbo ni wọ́n ti ń yọ ọ́?”

Agbo ilé dákẹ́. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó máa gba owó oúnjẹ ẹ sọ́wọ́ tí kò ní yọ ojú kan. Ká kàn rí ojú náà ni.

Ni Bàbá bá ní kí wọ́n gbé ẹní wá. Ó da àgbàdo sílẹ̀, ó ní wóró kan dúró fún dọ́là mẹ́wàá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní CM2, ìparí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mú bírò. Wọ́n ka àwọn tó ń lọ: ọmọ rẹ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀, Ìyá, ọmọkùnrin tó pé ọdún mẹ́wàá, obìnrin tó jẹ́ ọdún mẹ́fà, àti kékeré ọlọ́dún méjì yẹn. Àgbà mẹ́ta, ọmọdé mẹ́ta, àbí? Zémidjan ní rárá o. Lọ́dọ̀ wọn, láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án ni ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti di àgbà. Wọn ò jẹ́ kó dìbò, wọn ò jẹ́ kó wa mọ́tò, ṣùgbọ́n tó bá di ti oúnjẹ, ó ti dàgbà. Ti kékeré, kò sí nínú ìwé rárá. Á jẹ nínú àwo ìyá rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ ti rí fídíò ọmọ yẹn níwájú àwo ìrẹsì, ẹ mọ̀ pé òun gan-an ló yẹ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.)

Àgbà mẹ́rin, ọmọdé kan. Fún ètò àkọ́kọ́, dọ́là 251.87 lálẹ́ kan. Alẹ́ márùn-ún, 1,259.35. Tá a bá ka dọ́là kan sí 600 fáránkì, ó lé ní 755,000. Wóró àgbàdo 126 ló tò sórí ẹní bẹ́ẹ̀, àfi bí ewúrẹ́ dúdú yẹn ṣe gba ẹ̀yìn wọlé, tó fi ẹnu kan gbá nǹkan bí alẹ́ kan ààbọ̀ lọ. Bàbá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé òun ló kọ́kọ́ jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà. Ètò ìkejì, wọn ò fi àgbàdo ka ìyẹn mọ́. Orí ìwé ni wọ́n ti ṣe é: 2,034.05. Ó ju mílíọ̀nù kan àti 220,000 fáránkì lọ. Ìyàwó àbúrò Bàbá ní “Háà,” ó sì jókòó sórí igbá.

Ibẹ̀ ni ọmọ CM2 ti dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ kantíìnì. Ẹ mọ̀ pé láti 2017 ni ìjọba ti gbé ètò oúnjẹ ilé ìwé tuntun kalẹ̀, tí PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, ń bá wọn bójú tó. Fáránkì 25 ni òbí ń dá lójúmọ́ fún ọmọ kan nígbà náà. Ọmọ náà pín in: owó oúnjẹ ọmọ ọdún mẹ́fà fún alẹ́ kan ní Disney á san ti kantíìnì fún ọjọ́ 571. Ó ju ọdún mẹ́ta ilé ìwé lọ. Mo mọ̀ pé ìjọba àti PAM ló ń gbé èyí tó wúwo níbẹ̀, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ń wo Bàbá bí ẹni tó fẹ́ gba oríyìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbà á.

Ẹ jẹ́ á wá ojú tọ́ńtínì náà.

Ká ní wọn ò san nǹkan kan sílẹ̀, tí wọ́n ń san án bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Oúnjẹ orí káńtà kan fún àgbà pẹ̀lú ohun mímu tí kì í ṣe ọtí kì í sábà ju dọ́là 20 lọ lọ́dún náà. Ẹ̀ẹ̀mejì, 40. Ìpanu, 6 tàbí 7. Ife yẹn, tá a bá pín owó rẹ̀ sí alẹ́ márùn-ún, 4 tàbí 5. Kò kọjá 52. Wọ́n sì ti gba 57. Dọ́là márùn-ún lórí àgbà kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gan-an sì ni tẹ́ni tó jẹun tán, tí nǹkan kan kò ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá fẹ́ gba dọ́là márùn-ún yẹn padà, kó máa mu bíà tàbí wáìnì ní gbogbo ìgbà tó bá jẹun. Àbùjá tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyẹn ní 2018.

Ṣé Ìyá ló máa mu wáìnì? Ìyá tiwa! Láti ìgbà tó ti wọ aṣọ funfun, ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run ni, ìjọ tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, wọn kì í fẹnu kan ọtí, wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọkọ ọmọ rẹ̀, ọmọ Ṣakí, Mùsùlùmí ni, òun náà kì í mu. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n sọ di àgbà, tí wọ́n bá dé ọ̀rọ̀ ọtí, ó tún padà di ọmọdé. Ó ku ìyàwó nìkan. Ṣé kí òun nìkan wá máa mu ti gbogbo ilé ni? Mo kàn ń béèrè ni o.

Àní ẹnì kan ń jèrè nínú wọn: ọmọ ọdún mẹ́fà. Oúnjẹ ọmọdé méjì á tó dọ́là 16, ìpanu tirẹ̀ kò kéré sí ti àgbà, ife rẹ̀ náà kò kéré. Ó ti ju 23.83 lọ. Ìyàwó àbúrò Bàbá ní kí wọ́n kúkú ra ti ọmọ náà nìkan. Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n wọn ò gbà á. Gbogbo ẹni tó ti pé ọdún mẹ́ta nínú ìwé yàrá kan náà, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ rà á, tàbí kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ọmọ kan ń jèrè dọ́là méjì mẹ́ta, àgbà mẹ́rin ló ń gbé e lẹ́yìn.

Ibi tí ojú náà ti tóbi jù kò tilẹ̀ sí lórí iye owó. Ẹ̀tọ́ oúnjẹ tí o kò bá jẹ títí di ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ tí o kó jáde ní òtẹ́ẹ̀lì, ó ti wọmi. Wọn kì í fún èèyàn padà. Alẹ́ ni wọ́n sì ń kà, wọn kì í ka ọjọ́: ẹni tó sùn márùn-ún á lo ojúmọ́ mẹ́fà, ti ọjọ́ kẹfà, kó máa fi èyí tó bá ṣẹ́ kù gbé e. Ẹ wá ro ti Ìyá. Ìyá kì í jẹ oúnjẹ gidi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Ẹ̀kọ òwúrọ̀ rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán kan, ó tán. Tí wọ́n bá ra ti méjì fún un lójúmọ́, ọ̀kan nínú ẹ̀ á máa padà sọ́wọ́ ẹni tó tà á láìjẹ́ pé wọ́n tilẹ̀ sè é. “Ẹ ò rí i,” ni Bàbá wí, ó fi ìka ta wóró kan kúrò lórí ẹní. “Ikùn Ìyá yín ni ojú wọn.”

Ọkọ ọmọ ò gbà. Ó pè fúnra rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù, a rí orí rẹ̀ àti àjà ilé. Ó ní, “Bàbá, kì í ṣe owó nìkan. Tí n bá san án tán, ọkàn mi á balẹ̀. N kò ní máa ṣírò owó nígbà tí ọmọ bá ní òun fẹ́ áísìkirîmù.” Kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó ti mú ọmọ mẹ́ta lọ sí ọjà rí mọ ohun tó ń sọ. Ó tún ní eku náà ńkọ́. Oúnjẹ ìjókòó níbi tí Mickey ti ń wá kí èèyàn, ó lè ju dọ́là 60 lọ fún àgbà kan. Ẹni tó bá ra ètò ìkejì, ẹ̀tọ́ ìjókòó kan ló máa fi san án. A tún un ṣírò. Ó jọ bí ẹni pé tòótọ́ ni: ẹni tó bá ń bá eku jẹun lójoojúmọ́, tó sì jẹ gbogbo èyí tó kù, á fi dọ́là méjì tàbí mẹ́ta borí wọn. Lójoojúmọ́ o! Ẹ̀bùn agbáwo ò sí nínú ẹ̀, ìyẹn, ẹ ó tún tọwọ́ bọ àpò tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ tọwọ́ bọ̀. Bàbá bi í pé, “Àna mi, ẹ̀ẹ̀melòó lo lè kí eku kan náà?” Ọmọ Ṣakí rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Ìgbà yẹn ni Ìyá gba fóònù. Ẹ mọ ohùn rẹ̀, kì í pariwo. Ó ní òun ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní èèyàn lè gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọ ibi eré náà, kó má ṣá ti jẹ́ ìgò tàbí ọtí. Ó ní tí èèyàn bá sì lọ sí káńtà oúnjẹ, tó ní kí wọ́n fún òun lómi, wọ́n á bu omi yìnyín fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Gaàrí wà nílé. Ẹ̀pà wà. Ṣúgà wà.”

Ẹ wo ariwo tó ta nínú agbo ilé! Ìyàwó àbúrò Bàbá ní àbùkù nìyẹn, pé kí ọmọ Kaboua débi tí gbogbo ayé ń lọ, kó wá máa mu gaàrí níwájú eku. Zémidjan ní àbùkù wo, ṣé eku kì í jẹ gaàrí ni? Àwọn kan ní kó kúkú gbé wàgàsì, wàrà tiwa, dání, àwọn kan ní oòrùn Florida á bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ di ti wàgàsì, ó di ti Fúlàní tó tà á fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó di ti bí ọjà ṣe gbówó lórí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé Amẹ́ríkà. Èmi ò dá sí i. Èmi kàn ní tí Ìyá bá ń mu gaàrí, kó jókòó níbi tí wọn kò ti ní ya fọ́tò rẹ̀.

Bàbá gbé fóònù, ó tẹ bọ́tìnnì ohùn, ó ní: “Ẹ má rà á. Ẹ máa san án bí ẹ ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ rí eku yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ sanwó rẹ̀ lọ́wọ́. Áísìkirîmù, kí ọkọ rẹ ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀ láti ilé, kó fi sínú àpò mìíràn, kó má ka á mọ́.”

Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn. Àwòrán Ìyá pẹ̀lú eku náà wà lórí fóònù Bàbá, aṣọ àǹkárá, gèlè, eku di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá máa ń fi han àlejò, á ní ẹ wo orogún mi.

Tèmi ni pé, ní iye owó ọdún 2024 yẹn: ẹni tó bá ní ọmọ púpọ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ń mu wáìnì tàbí tí wọ́n lè bá eku jókòó jẹun lójoojúmọ́, kó rà á, kò ní kábàámọ̀. Ẹni tó bá ní arúgbó, tó ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí kò sì sí ẹni tó ń mutí, kó fi owó rẹ̀ sápò. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi jiyàn, mo gbà. Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ orí gbogbo ẹni tó ń bá yín lọ sínú ìwé, ẹ mú bírò wá, ẹ so ewúrẹ́ yín mọ́lẹ̀ kí ẹ tó wá.